Ẹ̀kọ́ Wo Ni Kí Ọmọ Ilé-Ìwé Yàn?

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ ní orúkọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wa wí, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí. Kò sí ọlọ́gbọ́n ènìyàn tí yóò kọ́ ilé láìkọ́kọ́ wo ilẹ̀ tí yóò kọ́ ọ sí. Àgbẹ̀ gidi kì í sì í gbin iṣu kí ó tó mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà yóò gba iṣu. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ni ó ń yan ẹ̀kọ́ tí yóò gba ọdún mẹ́ta gbáko lọ́wọ́ wọn láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Wọn kò wo ilẹ̀, wọn kò wo ilé. Ọ̀rẹ́ wọn ni wọ́n wò, tàbí wọ́n gbọ́ ohun tí aládùúgbò sọ, wọ́n sì kọ orúkọ sílẹ̀. Nígbà tí ojú wọn bá là, ọdún kan tàbí méjì yóò ti kọjá lọ, àsìkò kò sì dúró de ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí pé láti inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti bọ́ sí iṣẹ́ tí wọn kò fẹ́ràn, tí ọ̀pọ̀ sì ti rí i pé ìlẹ̀kùn iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn ti tì mọ́ wọn.

Ní ilẹ̀ wa Nàìjíríà, ọmọ tí ó bá parí ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì ti dé oríta. Ní ọdún mẹ́ta náà, ẹ̀kọ́ kan náà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ọmọ jọ ń kọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ń wọ ọdún kẹrin, èyí tí a ń pè ní SS1, wọn yóò pínyà, oníkálukú yóò sì mú ọ̀nà tirẹ̀ pọ̀n. Ọdún 1982 ni ètò yìí bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ìjọba gbé ètò 6-3-3-4 kalẹ̀: ọdún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní sẹ́kọ́ńdírì kékeré, mẹ́ta ní sẹ́kọ́ńdírì àgbà, àti mẹ́rin ní yunifásítì. Ṣáájú ìgbà náà, ọdún márùn-ún ni àwọn ọmọ ń lò ní sẹ́kọ́ńdírì kí wọ́n tó jókòó ṣe ìdánwò àṣejáde. Lẹ́yìn náà a so ọdún mẹ́fà àti mẹ́ta ìṣáájú pọ̀ di mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n oríta náà kò kúrò ní ibi tí ó wà.

Ìjọba a sì máa tún ètò náà ṣe láti ìgbà dé ìgbà. Ní ọdún 2011 a mú ètò tuntun wọ sẹ́kọ́ńdírì àgbà. Ètò náà pín ẹ̀kọ́ sí ọ̀nà mẹ́rin: sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, ìmọ̀ èdè àti ti ìṣe ọmọ ènìyàn, ìmọ̀ ẹ̀rọ, àti ìmọ̀ òwò. Ó sì fi ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ 34 kún un, irú bí aṣọ rírán, aró rírẹ, fọ́tò yíyà, oúnjẹ sísè, ẹran sísìn àti iṣẹ́ ẹ̀rọ omi, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lè mú ọ̀kan nínú wọn. Ní ọdún 2025, ìjọba tún kéde àtúnṣe mìíràn láti dín ẹrù ẹ̀kọ́ kù ní èjìká àwọn ọmọ. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè ètò tí ó wà lóde ní ọdún tirẹ̀ gan-an, kí ó má gbára lé ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn sọ fún un. Ohun tí ó jẹ́ òfin ní ìgbà ti ẹ̀gbọ́n lè má jẹ́ òfin mọ́ ní ìgbà ti àbúrò.

Ṣùgbọ́n bí ìjọba ti ń pín ẹ̀kọ́ tó, ilé mẹ́ta péré ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa ṣì mọ̀: ilé sáyẹ́ǹsì, ilé kọmáṣà àti ilé áàtì. A sì ti sọ ilé mẹ́ta yìí di àkàbà. Ọmọ tí ó gba máàkì tí ó ga jù lọ, orí àkàbà ni à ń gbé e sí, ìyẹn ni sáyẹ́ǹsì. Ẹni tí ó wà ní agbedeméjì, à ń sọ fún un pé kí ó lọ sí kọmáṣà. Ẹni tí ó bá ṣẹ́ kù, a ó tì í sí áàtì bí ẹni ń da ìdọ̀tí sí ààtàn. Èyí ni ohun tí mo fẹ́ takò pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Èrò mi ni pé kì í ṣe ilé ni ó yẹ kí ọmọ yàn, ẹ̀kọ́ ni. Ó sì yẹ kí ó yàn án láti ibi tí ó ń lọ padà wá sí ibi tí ó wà, bí ẹni tí ó fẹ́ rin ìrìn-àjò ti máa ń kọ́kọ́ béèrè orúkọ ìlú tí ó ń lọ, kí ó tó béèrè ọkọ̀ tí yóò wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo ibi tí àkàbà yìí ń ṣe. Ní àkọ́kọ́, ó ń pa ọmọ tí ó wà ní òkè lára. Ọmọ tí ó mọ èdè, tí ó fẹ́ràn ìtàn, tí ó lè dìde láàárín ẹgbẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ kí gbogbo wọn sì dákẹ́ gbọ́ ọ, a ó mú un lọ jókòó sí ibi tí ó ti ń wọn omi olóró nínú ìgò, kìkì nítorí pé ó gba ipò kejì nínú kíláàsì. Èkejì ni pé ó ń pa ọmọ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ lára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá ti sọ fún ọmọ ọdún mẹ́rìnlá pé áàtì ni ilé àwọn aláìmọ̀wé, tí a sì fi í síbẹ̀, kí ni yóò máa kàwé fún? Yóò gbà pé òun kò ní ọpọlọ, yóò sì máa hùwà bí ẹni tí kò ní i. Ẹ̀kẹta ni pé ó ń pa ìlú lára. Ta ni yóò jókòó lórí àga ìdájọ́ ní ọjọ́ iwájú? Ta ni yóò kọ òfin fún wa, tí yóò kọ ìtàn wa sínú ìwé, tí yóò sì kọ́ àwọn ọmọ wa? Ṣé àwọn tí a ti sọ fún láti kékeré pé wọn kò gbọ́n ni a fẹ́ fi iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́?

Àpẹẹrẹ kan wà tí gbogbo ayé mọ̀. Ní ọdún 1948, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá University College sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Chinua Achebe wọ ibẹ̀. Ó mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀ tí a fi fún un ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn òyìnbó. Lẹ́yìn ọdún kan, ó yí padà kúrò nínú ìṣègùn, ó sì bọ́ sí ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn àti ìmọ̀ ìsìn. Ìyípadà náà kò wáyé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀bùn ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ sì ní láti ràn án lọ́wọ́ kí ó tó lè máa bá ẹ̀kọ́ lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan yọ̀ǹda owó ara rẹ̀ nítorí rẹ̀. Ní ọdún 1958, ìwé rẹ̀ Things Fall Apart jáde, èyí tí a ti túmọ̀ sí èdè tí ó lé ní 50.

Ohun méjì ni kí ẹ fà yọ nínú ìtàn yìí. Èkíní ni pé ẹni tí ó fi ìṣègùn sílẹ̀ lọ kọ́ èdè àti ìtàn kì í ṣe òpè. Bí ó bá jẹ́ òpè ni, a kì bá tí fún un ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ rárá. Èkejì ni pé ó san owó ìyípadà náà. Kì í ṣe gbogbo wa ni a ní ẹ̀gbọ́n tí yóò yọ̀ǹda owó rẹ̀ fún wa. Nítorí náà, ó sàn kí á fi ara balẹ̀ ronú kí á tó yàn ju kí á sá padà ní àárín ọ̀nà.

Ẹ̀wẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun tí mo ń sọ ni pé kí àwọn ọmọ sá fún sáyẹ́ǹsì. Rárá o. Àwọn kan wà, pàápàá nínú àwọn ọmọbìnrin, tí a ti fi ọ̀rọ̀ ẹnu lé kúrò nídìí ìṣirò kí wọ́n tó mọ̀ bóyá wọ́n lè ṣe é. A ó sọ fún wọn pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rántí Grace Alele-Williams, tí a bí ní Warri ní ọdún 1932. Ìṣirò ni ó kọ́ ní University College ti Ìbàdàn. Ó tẹ̀ síwájú lọ sí Yunifásítì Chicago ní Amẹ́ríkà, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní ọdún 1963. Nígbà tí ó di ọdún 1985, ó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Benin, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó dé irú ipò bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Bí ó bá jẹ́ pé ó gba ọ̀rọ̀ àwọn tí ń sọ pé ìṣirò kò yẹ obìnrin, ta ni ìbá gbọ́ orúkọ rẹ̀?

Ògiri tí ó wà láàárín ilé kan àti èkejì kò sì nípọn tó bí a ti ń rò. Ẹ wo Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, tí ó kọ́ ìṣègùn ní Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó padà sílé tí ó sì ń tọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú ní Arò ní Abẹ́òkúta, kò tì wọ́n mọ́lé nìkan. Láti ọdún 1954 ni ó ti ń jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé nínú abúlé tí ó wà nítòsí pẹ̀lú ẹbí wọn, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ láti bá a ṣiṣẹ́. Ìmọ̀ ìṣègùn tí ó kọ́ ní òkè òkun nìkan kọ́ ni ó lò níbẹ̀. Ó lo ìmọ̀ ìwà àti àṣà àwọn ènìyàn rẹ̀ pẹ̀lú. Dókítà tí kò gbọ́ èdè aláìsàn, tí kò sì mọ ohun tí ó ń dẹ́rù bà á, ìdajì dókítà ni.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí á wo bí ìlẹ̀kùn ṣe ń ṣí àti bí ó ṣe ń tì. Láti ọdún 1978 ni àjọ JAMB ti wà fún ètò ìgbaniwọlé sí yunifásítì. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni ẹni tí ó fẹ́ wọlé ń jókòó ṣe nínú ìdánwò rẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ dandan nínú wọn. Iṣẹ́ tí ènìyàn fẹ́ kọ́ ni ó ń sọ mẹ́ta yòókù. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe dókítà, nọ́ọ̀sì tàbí apòògùn òyìnbó gbọ́dọ̀ mú bàọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe ẹnjiníà gbọ́dọ̀ mú ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísírì. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe agbẹjọ́rò, lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé gbọ́dọ̀ ní ìṣirò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé kọmáṣà tàbí áàtì ni ó ti jáde wá. Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò WAEC tàbí NECO, níbi tí yunifásítì ti ń béèrè kírẹ́díìtì márùn-ún nínú àwọn ẹ̀kọ́ tí ó bá iṣẹ́ náà mu. Nínú ìdánwò WAEC, A1 ni ó ga jù lọ, F9 ni ó kéré jù lọ, C6 sì ni òpin kírẹ́díìtì.

Ẹ rí i pé kò sí ibi kankan tí yunifásítì ti béèrè pé, "Ilé wo ni o ti wá?" Ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń béèrè. Ọmọ tí ó fẹ́ máa ya àwòrán ilé kí àwọn ọ̀mọ̀lé tó kọ́ ọ gbọ́dọ̀ mọ ìṣirò àti físíìsì, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó mọ àwòrán yíyà yóò ràn án lọ́wọ́ púpọ̀. Bí ilé-ìwé bá sọ fún un pé ọmọ sáyẹ́ǹsì kò gbọdọ̀ kọ́ àwòrán, ilé-ìwé ni ó ṣì í, kì í ṣe ọmọ náà. Ọmọ tí ó fẹ́ ṣe akọ̀ròyìn lórí ọ̀rọ̀ owó àti ọjà nílò èdè, ó sì nílò ìṣirò pẹ̀lú. Èmi kò rí ìdí tí a kò fi lè jẹ́ kí ọmọ mú ẹ̀kọ́ láti inú ilé méjì, níwọ̀n ìgbà tí olùkọ́ bá wà, tí àkókò kíláàsì kò sì forí gbárí.

Àwọn kan yóò sọ pé, "Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sáyẹ́ǹsì, ó lè yà sí áàtì lẹ́yìn ọ̀la, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú áàtì kò lè padà sí sáyẹ́ǹsì. Nítorí náà, kí gbogbo wọn kọ́kọ́ lọ sí sáyẹ́ǹsì." Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ṣòro kí ènìyàn tó fi oṣù díẹ̀ kọ́ físíìsì àti kẹ́mísírì tí ẹlòmíràn fi ọdún mẹ́ta kọ́ nínú yàrá ìwádìí. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ibẹ̀ kò pé. Ọmọ tí ó fi ọdún mẹ́ta kọ́ ohun tí kò yé e, tí ó sì gba F9 nínú mẹ́rin nínú wọn, kò ní ìlẹ̀kùn sáyẹ́ǹsì, kò sì ní ìlẹ̀kùn áàtì. Ìlẹ̀kùn méjèèjì ni ó tì. Kírẹ́díìtì tí ó dájú ní ọwọ́ sàn ju orúkọ ńlá tí kò ní èrè lọ.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn ìdí wo ni kò yẹ kí á fi yan ẹ̀kọ́? Ìdí búburú àkọ́kọ́ ni ọ̀rẹ́. Ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ kò jọ ti inú ìyá kan náà wá, ẹ kò sì ní jọ jókòó sí ibi iṣẹ́ kan náà títí láé. Èkejì ni ìbẹ̀rù olùkọ́. Ọmọ mìíràn yóò sá fún ìṣirò nítorí pé olùkọ́ ìṣirò le, bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ náà lè kúrò ní ilé-ìwé náà ní ọdún tí ó ń bọ̀, kí àìmọ̀ ìṣirò sì wà pẹ̀lú ọmọ náà títí ọjọ́ ogbó. Ẹ̀kẹta ni ìgbéraga. Àwọn kan fẹ́ kí á máa pè wọ́n ní dókítà ju kí wọ́n tọ́jú aláìsàn lọ. Orúkọ ni wọ́n fẹ́, wọn kò fẹ́ iṣẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ dé ibi tí ó ń lọ, kò ní gbádùn ibẹ̀, àwọn tí ó wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní gbádùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù, èyí tí ó kan àwọn òbí. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni bàbá tàbí ìyá ti yan iṣẹ́ fún. Ẹ má ṣe bínú sí wọn. Wọ́n ti rí ìyà, wọn kò sì fẹ́ kí ẹ rí i. Àwọn ni wọ́n ń san owó, àwọn ni wọ́n sì mọ bí ọjà ayé ti rí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Òbí mọ iṣẹ́ tí ó ń mú owó wá. Ọmọ ni ó mọ ẹ̀kọ́ tí oorun kì í kùn ún nídìí rẹ̀. Méjèèjì ni a nílò. Kí ọmọ má ṣe bá òbí jiyàn, kí ó má sì ṣe dákẹ́ kí ó máa sunkún ní kọ̀rọ̀. Kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó mú ìwé èsì ọdún mẹ́ta rẹ̀ lọ́wọ́, kí ó sì wí pé, "Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, ẹ bá mi wo máàkì yìí. Ibi tí mo ti ń ṣe dáadáa nìyí, ibi tí mo ti ń tiraka nìyí. Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn." Òbí tí a bá fi ọ̀wọ̀ bá sọ̀rọ̀ báyìí, bí kò tilẹ̀ gbà ní ọjọ́ náà, yóò ronú sí i ní òru.

Mo tún fẹ́ bá àwọn olùkọ́ àti àwọn ọ̀gá ilé-ìwé sọ̀rọ̀. Kò yẹ kí ìpínyà yìí jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ó yẹ kí gbogbo táàmù kẹta ọdún kẹta jẹ́ àkókò ìmọ̀ràn, kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan wá sọ ohun tí ẹ̀kọ́ tirẹ̀ wà fún, kí a sì pe káfíńtà, nọ́ọ̀sì, agbẹjọ́rò, àgbẹ̀ àti oníròyìn tí ó wà ní ìlú wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Síwájú sí i, a mọ̀ pé àwọn ilé-ìwé kan wà tí kò ní olùkọ́ físíìsì, tí yàrá ìwádìí wọn kò sì ní ju àga àti eruku lọ. Kí á sọ òtítọ́ fún àwọn ọmọ kí wọ́n tó yàn. Ẹ̀tàn ni kí á ní kí ọmọ wọ ilé sáyẹ́ǹsì nígbà tí a mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò kọ́ ọ. Bí òbí bá tètè mọ̀, ó lè wá ilé-ìwé mìíràn, tàbí kí òun àti àwọn òbí yòókù fi ohùn ṣọ̀kan béèrè olùkọ́ lọ́wọ́ ìjọba.

Báwo wá ni kí ẹ ṣe é? Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ fa ìlà sí i kí ó di òpó mẹ́ta. Nínú òpó kìíní, ẹ kọ iṣẹ́ mẹ́ta tí ẹ fẹ́ràn. Ẹ má kọ ẹyọ kan ṣoṣo, nítorí ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Nínú òpó kejì, ẹ kọ ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń béèrè, kì í ṣe èyí tí ẹ gbọ́ lẹ́nu ọ̀rẹ́, bí kò ṣe èyí tí ó wà nínú ìwé àjọ JAMB àti ti yunifásítì. Nínú òpó kẹta, ẹ kọ máàkì tí ẹ ti gbà nínú ẹ̀kọ́ wọ̀nyí láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ̀kọ́ tí ó bá fara hàn nídìí iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ ó rí i pé èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò kì í sábà sọnù níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ pín ọdún mẹ́ta náà bí àgbẹ̀ ti ń pín àkókò oko. Ọdún kìíní ni ìgbà ìdánwò ilẹ̀: bí ẹ bá rí i pé ẹ̀kọ́ kan kò bá yín mu rárá, ọdún yìí ni kí ẹ sọ fún olùkọ́ yín, nígbà tí àyípadà ṣì rọrùn. Ọdún kejì ni ìgbà ìroko: nínú rẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ jù lọ, kò sì sí ẹni tí ó lè fi í ṣeré kí ó sì kórè. Ọdún kẹta ni ìgbà ìkórè: ìdánwò JAMB àti ti WAEC súnmọ́ ara wọn, kò sí àyè láti máa bẹ̀rẹ̀ ohun tuntun. Ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án ni ó pọ̀ jù tí ènìyàn lè ṣe nínú ìdánwò WAEC, mẹ́jọ sì ni ó kéré jù. Kò sí ẹ̀bùn fún ẹni tí ó gbé mẹ́sàn-án tí ó sì ju márùn-ún nù sí ẹ̀bá ọ̀nà.

Ẹ má sì ṣe ju èdè Yorùbá nù. Àwọn kan ń sọ pé kò wúlò fún ohunkóhun, bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú ẹ̀kọ́ tí JAMB àti WAEC ń ṣe ìdánwò lé lórí. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ́ èdè Faransé ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni ó fi kọ eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà, iṣẹ́ Yorùbá ni ó sì sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n tí gbogbo ilẹ̀ yìí mọ̀. Èdè tí ó kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kò dí i lọ́wọ́ láti padà sí èdè tí ó bá a dàgbà.

Àwọn bàbá wa gbà pé àkúnlẹ̀yàn ni àdáyébá: ohun tí ènìyàn kúnlẹ̀ yàn ní ọ̀run ni ó ń bá pàdé ní ayé, kò sì rọrùn láti pa á dà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé-ìwé kì í ṣe àkúnlẹ̀yàn. Ní ayé níbí ni a ti ń yàn án, ní ojú gbogbo ènìyàn, pẹ̀lú ìwé àti gègé lọ́wọ́. A lè béèrè kí á tó yàn, a sì lè tún un ṣe bí a bá tètè mọ̀. Nítorí náà, bí ọjọ́ náà bá dé tí olùkọ́ bá gbé ìwé síwájú yín pé kí ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́, ẹ má ṣe wo ojú ẹni tí ó jókòó tì yín. Ẹ wo iwájú, ẹ wo inú ara yín, kí ẹ sì wo ìwé èsì yín. Ohun tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fi ohùn kan sọ ni kí ẹ kọ sílẹ̀, kí ẹ sì fi gbogbo agbára yín sí i.